Ìwé Ogójì Ewé tí Mo Fi Ṣọ́ Ìṣesí Màámi

Ní ọjọ́ tí Màámi fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ tí ó ń bá wa gbélé fún ìgbà kẹta, nítorí ìborùn tí àwọn fúnra wọn ká sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a má fi àkókò ṣòfò mọ́, kí a gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. Àbúrò bàbá wa kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ayé ni. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé obìnrin kan ní àdúgbò ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìyá arúgbó tí ó bá ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ó ní ohun tí ó ń jẹ́wọ́. Mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé àgbà obìnrin dé. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀, kí a sì gbé e lọ fún dókítà. Bí kò bá já mọ́ nǹkan kan, n óò tẹ̀lé yín lọ sórí òkè." Wọ́n gbà.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan, elewé ogójì. Mo fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin: aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ohun tí Màámi ṣe tàbí tí wọ́n sọ gan-an, àti ohun tí àwa ṣe sí i pẹ̀lú bí ó ṣe parí. Mo fi òwú so bírò mọ́ ọn, mo sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nílé lè kọ sínú rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: a kò gbọdọ̀ kọ èrò ọkàn wa, ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ nìkan ni. Bí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe oríṣi àrùn ìgbàgbé kan, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní Frankfurt ní 1901: ó jókòó ti obìnrin ẹni ọdún 51 kan tí a mọ̀ sí Auguste D., ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Òfin yìí le ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "Màámi ń ṣe agídí", "wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni", "wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀". Kò sí dókítà tí ó lè rí nǹkan mú nínú ìyẹn. Mo fa igi lé gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo kọ báyìí:

"Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, pálọ̀ ti ṣókùnkùn. Màámi dìde, wọ́n wé gèlè, wọ́n mú báàgì, wọ́n di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní, 'Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé, ìyá mi ń retí mi.' Mo ní, 'Màámi, ilé yín nìyí. Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́.' Wọ́n bú sẹ́kún. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ara wọn tó balẹ̀."

Nígbà tí mo tún un kà lóru, ọwọ́ mi gbọ̀n. Èmi ni mo túfọ̀ ìyá wọn fún wọn, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí ń jẹ́ hippocampus, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ó máa ń gba ìrírí tuntun wọlé sínú iyè. Agbègbè yìí wà lára ibi tí àrùn Alzheimer sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Màámi kì í fi í rántí pé àwọn ti jẹun láàárọ̀, tí wọ́n sì lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ta aṣọ ní Gbági ní ogójì ọdún sẹ́yìn láìfo ẹnì kan. Ibi tí wọ́n fi ìborùn sí kò wọlé sí iyè wọn rárá. Bí wọ́n bá wá a tí wọn kò rí i, kí ni wọn ì bá tún rò ju pé ẹnìkan ti jí i lọ?

Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi ọ̀nà karùn-ún kún un, fún oúnjẹ, oògùn, ìgbọ̀nsẹ̀ àti oorun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ara ń yún Màámi, kẹ́místì àdúgbò sì fún wa ní chlorpheniramine, hóró kékeré tí gbogbo ilé ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn. Nígbà tí a rí i pé ó ń mú wọn sùn, a ò dá a dúró mọ́. Alaalẹ́ ni à ń fún wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá ìwé mi, oògùn náà tán, ọjọ́ mẹ́rin sì kọjá kí a tó ra òmíràn. Mo ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Nínú òru mẹ́sàn-án tí wọ́n lo oògùn, òru mẹ́jọ ni wọ́n jí tí wọ́n ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Nínú òru mẹ́rin tí wọn kò lò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ní òru kejì tí a tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ òru padà dé. "Ohun tí wọ́n ń jẹ́wọ́" tí àdúgbò ń sọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bi Màámi ní ọjọ́ tí a wà àti ibi tí a wà, ó ní kí wọ́n há ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí kí wọ́n sì tún un pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé mi, ó sì kà á láìsọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó dé ibi oògùn náà, ó gbé ojú sókè. Ó ṣàlàyé pé chlorpheniramine máa ń dí acetylcholine lọ́wọ́, èròjà tí àwọn ẹ̀yà ọpọlọ fi ń jíṣẹ́ fún ara wọn nínú ìrántí àti àfiyèsí, àti pé èròjà yìí kan náà ni àrùn Alzheimer máa ń dín kù. Ẹni tí omi kù díẹ̀ nínú àmù rẹ̀ ni à ń gbọ́n omi rẹ̀ dànù lálaalẹ́. Ó ní kí a dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Awọ gbígbẹ ni ó ń yún wọn. Òrí ni a fi ń pa á títí di òní.

Kò tíì dá orúkọ fún àìsàn náà nígbà yẹn. Ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ṣúgà, tàírọ́ọ̀dù, fítámì B12, HIV àti àrùn sífílíìsì, kí a yẹ ìtọ̀ wò, kí a sì ya àwòrán ọpọlọ, nítorí pé àwọn ohun kan wà tí wọ́n jọ àrùn ìgbàgbé tí wọ́n sì ní ìwòsàn. Ó tún wádìí bóyá ìbànújẹ́ tí ó wọra ni. Nígbà tí gbogbo èsì pé, ó sọ fún wa pé Alzheimer ni, ó sì kọ oògùn donepezil fún wọn, èyí tí kì í wo àrùn náà sàn ṣùgbọ́n tí ó máa ń jẹ́ kí acetylcholine tí ó ṣẹ́kù pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ọpọlọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àrùn yìí kì í ṣe tiwa, wọ́n a sì máa tọ́ka sí ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ní Ìdìkàn ní Ìbàdàn níhìn-ín àti ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, àbájáde ọdún 2001 fi hàn pé láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè, 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún láàárín àwọn Yorùbá, tí ó sì jẹ́ 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ṣùgbọ́n ohun tí kò pọ̀ kò jọ ohun tí kò sí. Ohun tí mo mú nínú iṣẹ́ náà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Wọn kò gbára lé ìdánwò tí ó ń fẹ́ ìmọ̀ ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ni kò lọ sílé-ìwé; wọ́n tún ń bi ẹbí tí ó ń bá àgbà gbé nípa ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́. Màámi náà kò lọ sílé-ìwé. Ẹni tí ó ń bá wọn gbé ni ẹlẹ́rìí wọn.

Nílé, a ń tan fìtílà oníbátìrì ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí òkùnkùn má baà bá wọn lójijì. A kò jiyàn ilé mọ́. Ọmọ mi obìnrin ni ó kọ́ wa ní ìyókù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Màámi tún ti wé gèlè, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n ní oríkì Òpómúléró tí àwọn fúnra wọn kọ́ ọ. Ó ṣì í kì ní ìlà kẹta. Màámi fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kì í dé ìparí.

A ti wà nínú ìwé kejì báyìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mo bá èyí níbẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé tiwọn: "Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná ń tàn. Màámi ní, 'Ìyá mi ń retí mi.' Mo ní, 'Kí ni wọ́n ń sè dè yín?' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọbẹ̀ ilá ni.' Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ júwe bí ìyá wọn ṣe máa ń rẹ́ ilá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Wọn kò bèèrè ilé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà."