Bí mo ṣe to ìjọba kan sáàárín ìràwọ̀, tí mo sì wó o

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Kálávì, ní Benin wa níbí, ló kó mi sí i. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ máa gbà sórí fóònù ní apá-apá, kí àwọn èèyàn máa gbọ́ ọ lórí WhatsApp. Èdè Yorùbá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ìtàn ìjọba ńlá kan ni, tó fi ìgbà kan jọba lórí àwọn ayé tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, kó tó wó. Wọ́n ti ní ọkọ̀, wọ́n ti ní ogun, wọ́n ti ní ọmọbìnrin kan tó ń wá bàbá rẹ̀ kiri. Ìjọba gan-an ni wọn ò ní. Ó ní, "Tọ́ńtọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ bá wa kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlú níbẹ̀, àti ohun tó bà á jẹ́. Ojú ìwé mẹ́ta ti tó."

Ojú ìwé mẹ́ta náà di káyé, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, kan àbọ̀. Oṣù méjì ni mo fi kọ ọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì mi níbí ní Kétu, láàárín ẹni tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí àti ẹni tó fẹ́ kí n bá òun tẹ lẹ́tà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ò dára. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ọba, mo kọ àwọn ìjòyè, mo kọ balógun, mo ní kí gbogbo wọn máa wọ aṣọ tó ń kọ mànà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, inú mi dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà pè mí. "Tọ́ńtọ́n, Ọ̀yọ́ lẹ kọ yìí o. Ẹ kàn gbé e sókè ni." Mo fẹ́ bínú. Ó wá bi mí léèrè ohun kan: "Bí ọba yìí bá pàṣẹ lónìí, ìgbà wo ni àṣẹ ọ̀hún máa dé etí àwọn tó ń jọba lé lórí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Orí ìbéèrè yẹn ni mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Mo kọ́kọ́ pinnu pé mi ò ní dá ìràwọ̀ kankan fúnra mi, torí ẹni tó bá dá a á máa fà á mọ́tòsí nígbà tí ìtàn bá le. Àwọn tó wà lókè lóòótọ́ ni mo lò. Mo fi olú-ìlú sí ẹ̀bá oòrùn tiwa yìí. Kì í ṣe ìfẹ́ ilé ló fà á o. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni àwọn onímọ̀ ti ń wọn gbogbo ọ̀nà, ìṣirò á sì rọ̀ mí lọ́rùn. Kò sí ohun tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ: ó ń sá tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo bí ìṣẹ́jú 8 kó tó kàn wá lára. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó tún sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, Proxima Centauri, ìmọ́lẹ̀ yìí kan náà ń rin ọdún 4 ó lé díẹ̀ kó tó débẹ̀. Epsilon Eridani, ọdún 10 àbọ̀. Tau Ceti, bí ọdún 12. TRAPPIST-1, èyí tí wọ́n kéde ní 2017 pé ayé 7 ló ń yí i ká, bí ọdún 40.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Voyager 1 tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sókè ní 1977 ṣì ń lọ di báyìí. Ká ní Proxima ló dorí kọ, á lò ju 70,000 ọdún lọ kó tó débẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè gbé ìjọba ró. Mo bá fún àwọn ọkọ̀ ìtàn wa ní ìdajì eré ìmọ́lẹ̀, ọ̀làwọ́ ni mo ṣe níbẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn kan sójú òfuurufú tí ọkọ̀ á máa gbà kọjá ní wàrà. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní bí ọ̀nà bá ti lè kúrú, mi ò ní nǹkan kan láti kọ mọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ ìjọba náà ti wá: Ọ̀nàjìn. Ọba ibẹ̀ sì ń jẹ́ Ọlọ́nàjìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ oyè, ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù.

Ní Kétu níbí, ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu ní ìtẹ̀léra. Bí ilé kan bá jẹ ẹ́, tó wàjà, ó di ti ilé tó tẹ̀ lé e. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sókè: ilé kan ní olú-ìlú, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ mẹ́rin yòókù. Tí èèyàn bá kà á lórí ìwé, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ níbẹ̀.

Mo wá ṣí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù mi. Ọba wàjà, ó kan ilé Proxima. Ìròyìn á fi ọdún 4 lọ, ọmọ oyè á fi ọdún 8 bọ̀. Ọdún 12, ó ṣì ṣeé fara dà. Ó kan Tau Ceti: ọdún 12 lọ, ọdún 24 bọ̀, ó di 36. Ó wá kan TRAPPIST-1. Ọdún 40 kí wọ́n tó gbọ́ pé ọba ti wàjà, ọdún 80 kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. 120. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, 120 náà ló tún gbé wá. Ọmọ náà rán mi létí ohun tí Einstein sọ, pé ọjọ́ kì í sáré bákan náà fún ẹni tó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọdún 80 tiwa á jẹ́ bí 69 fún un. Ó dáa. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní ọmọ ogún ọdún á sọ̀ kalẹ̀ ní ẹni ọdún 89. Ṣé adé la fẹ́ gbé lé e lórí ni, àbí ká wá àga fún un?

Bí mo ṣe ń wo nọ́ńbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti rí ohun tó wó Ọ̀nàjìn. Òfin ló ní kí gbogbo ilé jẹ. Ọ̀nà ló ní kí ilé kan má jẹ láéláé.

Àwọn ará olú-ìlú ò jẹ́ gbà pé ọ̀nà ló jìn. Wọ́n wá ọgbọ́n sí i: kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹbí kan tí á máa gbé olú-ìlú, tí wọ́n á máa bímọ síbẹ̀, kí ọmọ oyè lè wà nítòsí nígbàkígbà. Ó dà bí ẹni pé ọgbọ́n náà pé. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, ọmọ oyè ilé TRAPPIST-1 ò mọ ibẹ̀ rárá. Nígbà tó jọba, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni "Ẹ káàárọ̀ o." Àwọn onímọ̀ rò pé ojú kan náà ni àwọn ayé ọ̀hún ń kọ sí ìràwọ̀ wọn nígbà gbogbo. Apá kan mọ́ títí ayé, apá kejì dúdú títí ayé. Kò sí àárọ̀ níbẹ̀, kò sí alẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé ni mo kó wọn sí, "Ẹ kú etí òkùnkùn" ni wọ́n sì ń kí ara wọn. Wọ́n ti dúró fún ọdún 40 láti gbọ́ ohùn ọba tó jẹ́ tiwọn. Ó kí wọn báyẹn, wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyáàgbà kan ló sọ̀rọ̀: "Ọmọ ta nìyí?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ kí apá kìíní ìtàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó yìn mí.

Ọ̀rọ̀ adélé ò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ìtẹ́ bá ṣófo fún ọdún 36, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Mo rántí Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́, tí kò pe ara rẹ̀ ní Aláàfin rí, àmọ́ tí àwọn Aláàfin ń kú lọ́wọ́ rẹ̀, títí Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe àwọn Adélé Ọ̀nàjìn. Wọn kì í dé adé, wọn kì í jókòó sórí ìtẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí. Orí ẹní yẹn ni wọ́n ti pa ìlú run. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n rán sí àwọn ayé yòókù, mo fi wọ́n jọ ti Ọ̀yọ́, àyàfi pé kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n padà kí wọ́n tó darúgbó.

Ìyàwó mi, tó ń tajà, ka káyé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Gbogbo èèyàn yìí, ta ni ìyálọ́jà wọn?" Mo ti gbàgbé ọjà. Ọkọ̀ tó ń lo ọdún 24 lọ́nà ò lè gbé iṣu. Kí ni wọ́n wá ń tà fún ara wọn? Ó rẹ̀ mí kí n tó rí i: ohun tó bá lè gun ìmọ́lẹ̀ lọ nìkan. Orin, oògùn, àpẹẹrẹ aṣọ, ìtàn, ẹjọ́. Níbẹ̀ ni mo ti mú ẹ̀fẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti jókòó di ìdájí lóru gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìlú wa yìí mọ̀ pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ lójú ọba lọ́sàn-án, ẹ̀fẹ̀ á kọ ọ́ lórin, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn tipẹ́ kí UNESCO tó kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001. Ní Ọ̀nàjìn, eré kan náà ni àṣẹ ọba àti orin ẹ̀fẹ̀ ń sá. Ọjọ́ kan náà ni ayé kan ń gbọ́ pé owó orí ti gòkè, tí wọ́n sì ń gbọ́ orin tó fi ẹni tó gbé e gòkè ṣe yẹ̀yẹ́. Ààfin ò lè yára ju ẹ̀fẹ̀ lọ.

Bó ṣe wó, mi ò pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ náà fẹ́ ogun, mo fún wọn ní ogun, ó jẹ́ ojú ìwé kan. Ohun tó gbà mí lákòókò ni ohun tó kù.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé inú ìbéèrè ni orúkọ ìlú wa ti jáde: ta ló lè tú iké ẹ̀yìn abuké, ta ló lè fọ́ ìlú? Èsì tí wọ́n ń retí ni pé kò sí. Ogun Dàhòmì wá ní 1883, ó padà wá ní 1886, ó fọ́ ọ, ó kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù padà sílé ní 1894. Ní gbogbo ọdún 8 yẹn, kò sí Kétu. Mo bi bàbá kan tó máa ń jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pé, nígbà tí kò sí Kétu, kí ni wọ́n ń pe ara wọn? Ó wò mí bí ẹni tó béèrè orúkọ tí omi ń jẹ́. "Ará Kétu ni." Àwọn mìíràn ti ré òkun kọjá ṣáájú wọn, wọn ò sì padà mọ́. Ní Salvador ní Bahia, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Alákétu di òní, ìtàn ilé náà sì ní ọmọ ilé ọba Àró, ọ̀kan nínú ilé ọba márùn-ún Kétu, ni obìnrin tó dá a sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá kan wá ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀. Ìwé náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń já, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Lókè rẹ̀, wọ́n tẹ République du Dahomey síbẹ̀. Orúkọ tí Benin ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, láti 1975 ni wọ́n ti pa á tì. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ti ìjọba kankan tó wà láyé, síbẹ̀ òun ló jẹ́rìí pé wọ́n bí ìyá yìí. Mo ṣe ẹ̀dà méjì fún un. Mo ṣe ìkẹta fún ara mi, mo fi ọwọ́ bo orúkọ rẹ̀ kó má bàa jáde, òǹtẹ̀ nìkan ni mo fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe parí Ọ̀nàjìn. Olú-ìlú ti jó. Ọdún 40 ni ìròyìn rẹ̀ máa lò kó tó dé TRAPPIST-1, nítorí náà fún 40 ọdún, àṣẹ ọba tó ti kú ṣì ń dé, ajẹ́lẹ̀ ṣì ń tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ lé e, wọ́n ń fi í so yìgì, wọ́n ń fi í pín ilẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé tán, wọ́n pé jọ láti jíròrò bóyá kí wọ́n ju òǹtẹ̀ náà nù. Ẹnì kan béèrè pé ta ló máa wá jẹ́ ìyàwó ta.

Ọmọ náà ní àwọn fẹ́ rí òǹtẹ̀ ọ̀hún, káwọn fi ṣe àwòrán ìtàn. Mo gé e láti ìdí bàtà rọ́bà kan tó ti já, mo fi abẹ gbẹ́ ẹnubodè tó tì, mo kọ ỌLỌ́NÀJÌN sí i yípo. Mo rì í sínú yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ káyé. Gbogbo lẹ́tà náà yí sẹ́yìn! Èmi tí mo ń rí òǹtẹ̀ lójoojúmọ́, mo gbàgbé pé òdì ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ láti fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo ní màá gé òmíràn lọ́la. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí n má gé nǹkan kan, pé irú èyí ni ajẹ́lẹ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ nígbà tí ti àtijọ́ bá jẹ tán, tí kò sì sí ààfin tó máa fi òmíràn ránṣẹ́.