Bí mo ṣe yẹ ìwé àdéhùn ilé wò ní Tanke kí n tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá ní Tanke, ní Ìlọrin, owó ilé nìkan kọ́ ni wọ́n máa ka fún un. Self-contain tí mo rí lápá Òkè-Odò, ₦250,000 lọ́dún. Ni ajẹ́ńtì bá to ìyókù lé e lórí: kọmíṣọ̀n tirẹ̀ ₦25,000, owó agirimẹ́ǹtì ₦25,000, owó kọ́ṣọ̀n ₦20,000. Ó di ₦320,000. Mo ní kó fún mi níwèé ọ̀hún kí n lọ kà á. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin stúdẹ́ǹtì náà ń ka agirimẹ́ǹtì?" Mo ní, "Sà, ìwé náà la kúkú wá kà ní Ìlọrin."

Kọmíṣọ̀n ti ajẹ́ńtì ni, owó agirimẹ́ǹtì ti lọ́yà. Méjèèjì ti lọ nìyẹn. Owó kọ́ṣọ̀n ló yàtọ̀. Owó ayálégbé ni, ọwọ́ onílé ló kàn wà, ohun tí a bá bàjẹ́ ni wọ́n sì lè yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìwé náà sọ kò ju pé ayálégbé ti san án. Pé wọn yóò dá a padà, n ò rí i. Mo fi bírò pupa yí ibẹ̀ ká.

Mo tún yí ibi nótíìsì ká, ìyẹn àkókò tí onílé máa fún èèyàn kó tó ní kó kúrò nílé: oṣù kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe lọ́yà ní Ọ̀ffà là á yé mi lórí fóònù. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, bí ìwé bá dákẹ́ lórí nótíìsì, oṣù mẹ́fà lòfin ń fún un. Bí ìwé bá ti dá iye kan, tí ayálégbé sì buwọ́ lù ú, iye yẹn ló mú. Ó ní bí nótíìsì bá tiẹ̀ parí, onílé ṣì máa fún èèyàn ní ìwé ọjọ́ méje, yóò sì gba ilé ẹjọ́ kọjá. Kò láṣẹ láti ṣí páànù tàbí kó ti èèyàn mọ́ta.

Pàkátà ni Alhaji onílé ń gbé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, a sọ̀rọ̀ ilé-ìwé díẹ̀, kí n tó fa ìwé yọ. Wọn ò bínú rárá. Ajẹ́ńtì ló ń fajú ro. A fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i pé owó kọ́ṣọ̀n yóò padà láàárín ọjọ́ 14 tí mo bá ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, pé ohunkóhun tí wọ́n bá yọ gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì, àti pé nótíìsì di oṣù mẹ́ta. Èmi àti Alhaji buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ àfikún kọ̀ọ̀kan, nítorí àfikún tí kò ní ìbuwọ́lù, ẹnikẹ́ni lè sẹ́ ẹ. Ti ọ̀dà tí ìwé náà ní kí ayálégbé kùn nígbà tó bá ń lọ, Alhaji kọ̀ jálẹ̀ láti yọ ọ́. Mo gbà fún wọn. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni wọ́n fún mi.

Àkáǹtì Alhaji ni mo sanwó sí, mo sì ní kí rìsíìtì ya owó kọ́ṣọ̀n sọ́tọ̀. Kí n tó kó ẹrù wọlé, mo ya fọ́tò táìlì tó là, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya àti ojú mítà iná, mo fi ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì lórí WhatsApp.

Nígbà tí mo ń kó jáde, ajẹ́ńtì fẹ́ gba owó nẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí fọ́tò náà fún un. Wọ́n yọ ₦12,000 ọ̀dà pẹ̀lú rìsíìtì, ₦8,000 tó kù wọ àkáǹtì mi.