Kúùbù Mẹ́fà Tó Mú Mi San Owó Sáà Méjì

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí n parí ní sáà kan ṣoṣo, sáà méjì ni mo fi ṣe é, owó iléèwé náà sì di ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò ya ọ̀lẹ, mi ò pa kíláàsì jẹ. Omi tó fi díẹ̀ ju lítà kan lọ nínú kọ́nkéré tí mo pò ló fà á. Èmi kọ́ ni mo bù ú, mi ò wọ̀n ọ́n, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo dà pọ̀. Ọ̀kan ni ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ ilé, ọ̀nà àti afárá, tí àwa tó wà nídìí ẹ̀ ń pè ní sífíìlì. Èkejì dá lé bí èèyàn ṣe ń dá okòwò kékeré sílẹ̀ tí kò fi ní kógbá sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n mú ọ̀kan, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo kọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé lọ́jọ́ kan, èmi fúnra mi ni màá máa gba iṣẹ́ kéékèèké: gọ́tà, ìpìlẹ̀ ọgbà, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹni tó mọ kọ́nkéré pò tí kò mọ iye tó yẹ kó gbà lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà. Títí di òní, mi ò kábàámọ̀ pé mo da méjèèjì pọ̀.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kíkún dá yín dúró. Yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, sùúrù ló gbà. Ní ti wíwọn ilẹ̀, ẹ wọ bàtà tó le, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbé e sórí. Ó tán.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí kálukú po kọ́nkéré tirẹ̀. Iṣẹ́ tí máàkì pọ̀ sí jù nìyẹn. Agbára kọ́nkéré náà gbọ́dọ̀ tó 25 N/mm² tó bá pé ọjọ́ 28, ìyẹn ni pé ojú tó fẹ̀ tó mílímítà kan sí mílímítà kan gbọ́dọ̀ lè gba agbára níútọ̀nù (N) 25 kó tó fọ́. Ìwé tí wọ́n pín fún wa ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán: sìmẹ́ńtì kílò 10, yanrìn kílò 20, òkúta wẹ́wẹ́ kílò 40, omi kílò 5. Omi jẹ́ ìdajì sìmẹ́ńtì, ìyẹn 0.5, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára kọ́nkéré rọ̀ mọ́. Omi tó bá pọ̀ ju èyí tí sìmẹ́ńtì lè lò lọ, á gbẹ kúrò tó bá yá, á wá fi ihò tíntìntín sílẹ̀ káàkiri inú kọ́nkéré. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Wọ́n ti bi wá nínú ìdánwò, mo sì gbà á.

Mo wọn gbogbo ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó pé pérépéré. Mo pò ó, ó ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó kan ìdánwò slump, èyí tó ń fi hàn bí kọ́nkéré tútù ṣe ṣàn tó: bí omi bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa rì tó. Ẹ ó rí irin kan tó dà bí fúnẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, gíga rẹ̀ jẹ́ 300 mm. Ẹ ó rọ kọ́nkéré sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó fi ọ̀pá irin gún un nígbà 25 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wá rọra fa irin náà sókè, kí ẹ wo bí kọ́nkéré ṣe máa rì tó. Ìwé wa sọ pé kò gbọdọ̀ ju 75 mm lọ. Tèmi rì ní 130. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ 130 sílẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù, inú mi tún dùn pé kíkó rẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn àpótí tí kọ́nkéré ń le sí, ò ní nira. Nọ́ńbà ń pariwo lójú mi, mo ń rẹ́rìn-ín sí i.

Kúùbù ni kọ́nkéré tó rí bí ọmọ lúdò, tí wọ́n máa fọ́ láti mọ agbára rẹ̀. Mẹ́fà ni tèmi, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 mm. Ipele mẹ́ta lẹ máa fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì gún ipele kọ̀ọ̀kan nígbà 35, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ lè jáde. Mo ṣe é dáadáa fún mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, apá ti ń ro mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní bí 20, mo ń pè é ní 35. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ tó bá ku ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré sínú kọ́nkéré lè jẹ bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n gbé mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ kúùbù. Ẹ̀rọ náà máa ń dákẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ ni, ẹ ó kàn déédéé gbọ́ “pàà!” Ìpíndọ́gba tèmi jẹ́ 295 kN, ìyẹn níútọ̀nù 295,000. Ẹ pín in pẹ̀lú 22,500 mm² tó jẹ́ ojú kúùbù, ó jẹ́ 13.1 N/mm². Lọ́jọ́ keje, kọ́nkéré tó dáa sábà máa ń ti ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó máa ní lọ́jọ́ 28. Tí mo bá ń wá 25, ó yẹ kí n ti wà ní nǹkan bí 16.7.

Bàbá tó ń tọ́jú láàbù wo ìwé mi, ó wo ojú mi. “Ọmọ mi, kúùbù yìí ti sọ ìyókù ọ̀rọ̀ fún ẹ. Lọ po òmíràn lónìí.”

Mo ní, “Bàbá, ó ṣì máa le sí i, sà.”

Gbólóhùn yẹn ni mo san owó sáà kejì lé lórí. Ká ní mo gbọ́ràn lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ méje péré ni ǹ bá pàdánù. Mo wá jókòó ti kúùbù mẹ́ta tó kù, tí wọ́n kó sínú omi kí wọ́n lè le dáadáa, fún ọjọ́ 21 sí i, bí ẹni tó ń retí pé òkú á jí. Mo máa ń lọ yọjú sí wọn! Kí ni mo fẹ́ rí gan-an?

Ọjọ́ 28 pé: 427 kN, ìyẹn 19.0. Mo féèlì. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n sì dúró fún ọjọ́ 28 mìíràn, nígbà tí sáà ku ọjọ́ 16. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n san owó.

Mo gbé ìwé tí wọ́n pín fún wa tọ olùkọ́ lọ. Mo ní, “Yanrìn kílò 20 lẹ kọ síbí, sà. Kílò 20 náà ni mo wọ̀n.”

Ó ní, “Kílò 20 yanrìn gbígbẹ ni. Èyí tó o bù níta ńkọ́? Ṣé gbígbẹ ni?”

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó di ọjọ́ tí mo po kọ́nkéré yẹn, wọn ò sì fi nǹkan kan bo òkìtì yanrìn náà. Mo ṣì ń bínú sí ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré, “gbígbẹ”, kí ló ṣòro nínú kí wọ́n kọ ọ́?

Bàbá ló fi ọ̀nà hàn mí, láìbú mi, èyí tó tún dùn mí ju èébú lọ. Ó wọn gíráàmù 500 nínú yanrìn tútù sínú páànù, ó gbé e ka iná, ó ń rò ó títí ooru omi fi tán lójú ẹ̀. Nígbà tó tún un wọ̀n, ó ku 472. Omi gíráàmù 28 ló lọ, ẹ pín in pẹ̀lú 472, ó jẹ́ 5.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní bí yanrìn tí mo bù lọ́jọ́ yẹn ṣe tutù tó nìyẹn, á jẹ́ pé nínú kílò 20 tí mo pè ní yanrìn, bíi kílò 1.1 jẹ́ omi. Omi mi ò jẹ́ 5 mọ́, ó di 6.1, 0.5 sì di 0.61. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi páànù tàbí bárò wọn yanrìn, tiyín tún yàtọ̀. Yanrìn tó tutù díẹ̀ máa ń wú, ó lè fi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju ti gbígbẹ lọ. Páànù á kún, yanrìn inú ẹ̀ ò ní tó, omi á sì tún pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ máa lò.

Nígbà kejì, yanrìn tútù kílò 21.2 ni mo wọ̀n, omi tí mo dà sí i kò ju kílò 3.8 lọ. Slump jẹ́ 60. Mo gún kúùbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà 630, mo ń kà á sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ keje, ó jẹ́ 19.1. Ẹ wò ó, ibi tí tàkọ́kọ́ fi ọjọ́ 28 dé, ọjọ́ méje ni èyí fi kọjá ibẹ̀! Lọ́jọ́ 28, 621 kN, ìyẹn 27.6. Mo ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà, ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Ẹ̀kọ́ okòwò kò fún mi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí kúùbù ṣe fún mi. Lọ́jọ́ kìíní, mo sọ fún màmá tó ń kọ́ wa pé tí mo bá ná 100 tí mo gba 125, èrè mi jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n bi mí pé, “Nínú ọgọ́rùn-ún èwo?” Mo dákẹ́. 25 nínú 125, 20 péré ni. Kí 25 tó lè kù nínú iye tí oníbàárà san, bíi 133 ló yẹ kí n gbà. Mo mọ àwọn ọ̀gá kọngílá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tí wọn ò tíì mọ ìyẹn.

Iṣẹ́ àṣekágbá ibẹ̀ ni pé kí á kọ bí owó ṣe máa wọlé àti bó ṣe máa jáde fún iṣẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù kọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́ ni owó ń wọlé. Èmi kọ ọ́ pé oníbàárà ò ní san títí èsì ọjọ́ 28 á fi jáde, pé wọ́n á tún di ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà mú títí wọ́n á fi rí i pé iṣẹ́ náà ò sán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ kìíní ni olówó sìmẹ́ńtì àti àwọn lébìrà ń gba owó tiwọn. Mo wá bi ara mi pé tí kúùbù bá féèlì ńkọ́? Mo sọ 28 di 56. Èrè ṣì wà lórí ìwé, àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé ìkẹjọ, kò sí kọ́bọ̀ lápò. Èmi ni máàkì mi ga jù ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn, mo kúkú ti sanwó ẹ̀.

Tí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀sẹ̀ kejì sáà ni màá ti po kọ́nkéré mi, kúùbù mẹ́sàn-án ni màá ṣe dípò mẹ́fà, màá sì ka ẹ̀kọ́ okòwò ṣáájú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà fúnra mi, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni, kò tóbi. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí a fẹ́ rọ kọ́nkéré. Mo gbé sítóòfù kékeré mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, mo gbé páànù lé e, mo ń rò ó. Ìyá tó ni ilé jáde, wọ́n dúró wò mí títí.

“Kí lẹ̀ ń yan, ọ̀gá?”

“Yanrìn ni, mà.”

Wọ́n wo àwọn lébìrà mi bóyá wọ́n á ṣàlàyé. Ìkan nínú wọn gbọn orí, ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan án. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”