Bí ẹ ṣe lè fi àjàrà méjì tan iná roboto nínú microwave

Microwave àlòkù ni kí ẹ lò, èyí tí ẹ ò ní gbé ọbẹ̀ kaná nínú ẹ̀ mọ́ láéláé. Dùgbẹ̀ ni mo ti ra tèmi, mo sì gbé e lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ fíṣíìsì ní Mọ́níyà. Ẹ yọ abọ́ tó ń yí kúrò, kí nǹkan dúró lójú kan.

Ẹ ra àjàrà ní Bódìjà, méjì tó dọ́gba tí kò tíì rọ̀. Àwọn kan ní ẹ gbọ́dọ̀ gé e sí méjì, kí ẹ fi awọ tín-ín-rín kan so wọ́n. Èmi náà gé e títí, omi ẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ mi. Wàhálà lásán! Ní 2019, Aaron Slepkov, onímọ̀ fíṣíìsì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà fi hàn pé kí odindi méjì ṣáà ti fara kanra. Ìgbì microwave gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nínú omi, kò ju bíi 1.3 lọ. Omi ló kún inú àjàrà, ìwọ̀n ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, ni ìgbì bá há síbẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti kanra ni agbára máa ń rọ́ jọ sí, tí sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù, èròjà iyọ̀ inú wọn, á fi ràn.

Ohun tó ń báṣẹ́ jẹ́ ni pé wọ́n máa ń yí kúrò lára ara wọn. Abọ́ gíláàsì tó ní kòtò díẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí, wọ́n á máa yí padà wá pàdé. Ẹ dojú bíkà, ife gíláàsì yàrá sáyẹ́ǹsì tó ń gba ooru, bò wọ́n. Ife lásán ni mo kọ́kọ́ lò, ó fọ́ yángá.

Ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kí ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré. Á dún bí kòkòrò tó há sínú agolo, iná á sì là, ó pọ́n bí epo tuntun. Ẹ má tú ẹ̀yìn microwave o, NEPA ì báà ti mú iná lọ: kàpásítọ̀ inú ẹ̀, ibi tó ń tọ́jú iná pa mọ́ sí, ṣì lè pààyàn.

Tí ẹ bá ti pa á, iná náà kú nìyẹn. Ní Jámánì, ní 2006, Gerd Fussmann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi iná mànàmáná tó lágbára gan-an gba ojú omi iyọ̀, bọ́ọ̀lù iná tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sì wà lófuurufú fún bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn ló jọ mànàmáná roboto (ball lightning, bọ́ọ̀lù iná táwọn èèyàn ń sọ pé àwọn rí nígbà ìjì) gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ girama.

Ẹ jẹ́ kí abọ́ tutù kí ẹ tó mú un. Àjàrà náà, ẹ dà á nù; akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sọ ọ́ sẹ́nu, ahọ́n ẹ̀ bó.