Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bá a bá ń fi ìṣirò ìjọba yẹ ọjà òkèèrè àti yunifásítì wò

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè rẹ̀ dáa: ṣé ọjà òkèèrè ló ń gbé àwọn ọmọ wa dé yunifásítì? Ṣùgbọ́n ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti kọ ọ́ pé ọjà tí Nàìjíríà ń kó ránṣẹ́ sókè òkun di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan.

Kò parọ́ o. Ohun tí àjọ ìṣirò, NBS, gbé jáde ló dà kọ: tírílíọ̀nù 6.49 náírà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, tírílíọ̀nù 19.17 ní irú àkókò yẹn lọ́dún 2024. Mo ní kó mú fóònù rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bí 460 náírà ni báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tí Oṣù Kẹta 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,300. Ó pín in: bílíọ̀nù 14.1 dọ́là níbí, bílíọ̀nù 14.7 lọ́hùn-ún. Ó tún un pín. Náírà ló já wálẹ̀, ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi náírà ọdún kan wé ti òmíràn láì kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ.

Àṣìṣe kejì ló ń dùn mí jù, torí ìṣojú wa ló ń ṣẹlẹ̀. NBS ò lè ka ohun tí aṣọ́bodè ò bá kọ sílẹ̀. Láti 2016 ni ìjọba ti ní ìrẹsì òkèèrè ò gbọdọ̀ gba bodè orí ilẹ̀ wọlé; síbẹ̀, èyí tó gba Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdíròkó wá ń bẹ nínú kọ́ńgò àwọn aláte. Fàyàwọ́ kì í kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wo ìwé Íńdíà àti Thailand: iye ìrẹsì tí wọ́n ní àwọn kó lọ sí Benin, orílẹ̀-èdè tí èrò ibẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tiwa.

Kòkó tí ìwé sì ní Netherlands ló rà, ó lè jẹ́ pé èbúté Amsterdam ló kàn gbà kọjá.

Ní ti yunifásítì, iye ọmọ tó jókòó ìdánwò JAMB kọ́ ni iye tó wọlé. Ọmọ tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kà á. Ìdá ọ̀dọ́ tó wà níléèwé gíga, tí UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé, ń gbé jáde ńkọ́? Gbogbo ẹni tó wà níléèwé gíga, tàgbà tèwe, ni wọ́n ń kó pọ̀, wọ́n á wá fi iye ọ̀dọ́ tọ́jọ́ orí wọn bọ́ sáàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn girama pín in. Ìyẹn ni ti Greece ṣe ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tiwa tún le, torí 2006 la ka ara wa kẹ́yìn. Àfojúbù ni iye ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ń pín in.

Mo wá ní kó má tíì so méjèèjì pọ̀. Èèyàn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ohun tá a bá sì kà láì fi iye èèyàn pín in máa gòkè bákan náà. Ẹ wo 2022: epo rọ̀bì gbówó lórí káàkiri àgbáyé. Ọdún yẹn náà ni ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 Oṣù Kejì di 14 Oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà nínú ìwé iléèwé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ wà ní ìsọ̀ àǹtí rẹ̀, ó ń bá wọn ta bàtà.