Kí Kápẹ́ńtà Tó Gun Òkè: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Nípa Òrùlé ní Àbújá

Àwọ̀ páànù ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lọ sí Dei-Dei, wọ́n á wo pupa, wọ́n á wo dúdú, wọ́n á ná an títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ igi, ìṣó àti bí òrùlé ṣe máa di ògiri mú sílẹ̀ fún kápẹ́ńtà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìjì bá ká òrùlé lọ ní Lugbe tàbí ní Kubwa, ẹ lọ wo ohun tó já bọ́ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, páànù ṣì wà lára igi, igi ṣì so mọ́ra. Odindi rẹ̀ ló gbéra lórí ògiri, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mẹ́ta ni wọ́n fi so ó. Ohun tó wà lábẹ́ páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó sí.

Àsìkò àti ìwé

Ní Àbújá, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù láti kan òrùlé. Tó bá fi di oṣù kẹta tí ẹ kò tíì parí, ìjì òjò àkọ́rọ̀ lè ká yín mọ́ ẹnu iṣẹ́. Òrùlé tí wọ́n kan apá kan rẹ̀, tí apá kejì ṣí sílẹ̀, ni afẹ́fẹ́ ń rí gbé jù, torí ó ń ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá níláti dúró lágbedeméjì, kí wọ́n kan gbogbo páànù tó ti wà lókè mọ́lẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bulọ́ọ̀kù tí àwọn kan ń gbé lé e lórí kò dá ìjì dúró. Ó kàn ń wá orí ẹni tó máa já lé ni.

Bí ẹ bá máa yí ìrísí òrùlé padà, tàbí tí ẹ fẹ́ fi parapet (ògiri kékeré tó yọ sókè yí etí òrùlé ká) kún un, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Department of Development Control ti FCT kí igi tó dé. Àwọn náà ló ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé. Mararaba wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Nasarawa, Suleja wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Niger, nítorí náà ọ́fíìsì tibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ bi àwọn alákòóso ẹ́sítéètì yín náà, pàápàá lórí àwọ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín

Ẹ wọn òró àti ìbú ilé, ẹ fi etí òrùlé tó yọ síta kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ èsì yẹn di ìlọ́po nọ́ńbà tó bá bí òrùlé ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó mu: 1.04 fún 15°, 1.06 fún 20°, 1.10 fún 25°, 1.15 fún 30°.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé oníyàrá mẹ́ta kan tó jẹ́ mítà 14 sí mítà 11, tí etí òrùlé rẹ̀ yọ ní 0.6 mítà yíká. 15.2 lọ́nà 12.2 jẹ́ skúẹ́ mítà 185. Tó bá dàgẹ̀rẹ̀ ní 25°, ó di 204. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un nítorí gígé àti àjákù, ó di nǹkan bí 225. Yálà òrùlé náà ní ìhà méjì tàbí mẹ́rin, bí gbogbo ìhà bá dàgẹ̀rẹ̀ bákan náà, ìṣirò yìí kò yí padà. Àjákù ni ti oníhà mẹ́rin fi pọ̀ jù. Kápẹ́ńtà tó bá mú 280 wá fún irú ilé yìí ní àlàyé láti ṣe. Ridge cap (páànù tó ń bo góńgó àti igun òrùlé) wà lọ́tọ̀: bí òrùlé náà bá jẹ́ oníhà mẹ́rin, góńgó orí rẹ̀ àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ nǹkan bí mítà 39. Nítorí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ra 43.

Kí ẹ tó yan irú páànù, ẹ ṣírò igi tó máa gbé e. Long span (páànù gígùn) ń fẹ́ purlin (igi ìdábùú tí wọ́n ń kan páànù mọ́) ní nǹkan bí 0.9 mítà síra wọn. Ilé òkè yìí á gba bí àádọ́rin igi 2×3 oní-ẹsẹ̀ bàtà 12. Stone-coated (páànù irin tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú rẹ̀) ń fẹ́ igi ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 37 síra wọn (ẹ wo ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀), ìyẹn sì ń lọ sí bí àádọ́sàn-án igi 2×2, yàtọ̀ sí igi truss (igi onígun mẹ́ta tó gbé òrùlé dúró). Owó igi àti ìṣó yìí kì í sábà sí nínú iye tí olùtà dá lé yín. Stone-coated tún wúwo tó kílò 6 sí 7 lórí skúẹ́ mítà kan, nígbà tí alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55 kò tó kílò 2. Bí ẹ bá fẹ́ yọ long span àtijọ́ kí ẹ fi stone-coated rọ́pò rẹ̀, ẹ má ṣe kàn án lé igi àtijọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Igi, ikán àti ìdè

Ẹ mú téèpù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta igi. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2×4 sábà máa ń jẹ́ íńṣì 1½ sí 3½, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, owó 2×4 ni ẹ ó sì san. Igi líle ni kí ẹ fi ṣe wall plate (igi tó sùn lórí ògiri) àti truss. Arère kò yẹ níbẹ̀. Ẹ kọ igi tútù: tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, á súnkì, á lọ́, ìṣó á tú nínú rẹ̀, páànù orí rẹ̀ á sì máa rí wúruwùru.

Kí wọ́n fi solignum (oògùn ikán fún igi) kun igi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gòkè, kí wọ́n sì tún kun gbogbo ojú ibi tí wọ́n bá gé lẹ́yìn náà. Ojú gígé yẹn ni ikán ń fẹ́. Àmọ́ solignum nìkan kò tó. Inú ihò bulọ́ọ̀kù ni ikán ń gbà gòkè láti ilẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun, títí á fi dé wall plate. Bí kò bá sí ìgbànú kànkéré lórí ògiri yín, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi kànkéré dí ihò bulọ́ọ̀kù ìlà òkè pátápátá.

Inú kànkéré yẹn náà ni ìdè òrùlé ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ri irin mílímítà 10 mọ́ ọn, kó wọlẹ̀ tó ìlà bulọ́ọ̀kù méjì ó kéré tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 1.2 síra wọn, kó bọ́ sí ibi tí truss máa jókòó sí. Òkè irin náà ni wọ́n máa tẹ̀ bo wall plate, tí wọ́n á sì fi ìṣó dè. Lẹ́yìn èyí, irin pẹlẹbẹ (hoop iron) ni kó so truss mọ́ wall plate. Ìṣó tí wọ́n gbá ní ìdábùú nìkan kò tó. Bíríkìlà gbọ́dọ̀ mọ gbogbo èyí kó tó parí ògiri, torí tó bá ti da kànkéré tán, àtúnṣe rẹ̀ nira.

Páànù

Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ 0.55 sórí 0.45. Micrometer kékeré (ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) lẹ ó fi mú irọ́ yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, kì í ṣe ní etí nìkan. Ẹ mú òòfà dání pẹ̀lú: kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, bóyá aluzinc (irin tí wọ́n fi alumíníọ̀mù àti sínkì bò), kò sì yẹ kó jẹ́ iye kan náà. (Stone-coated máa lẹ̀ mọ́ òòfà ní tirẹ̀, torí irin ló wà nínú rẹ̀.) Ẹ tún bèèrè bí páànù kan ṣe ń bo ilẹ̀ tó lẹ́yìn tí ọ̀kan bá gun èkejì, kì í ṣe bó ṣe fẹ̀ tó.

Screw tó ní rọ́bà lẹ́sẹ̀ sàn ju ìṣó lọ níbi tí ìjì ti ń jà. Bí ìṣó lẹ bá sì lò, orí òkìtì páànù ni kó wà, kì í ṣe nínú kòtò tí omi ń gbà. Ìjì òjò níbí sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá. Nítorí náà, níbi tí páànù bá ti tò láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, kí èyí tó tẹ̀ lé e máa gun èyí tó ṣíwájú. Ẹnu tí wọ́n ti gun ara wọn á kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kò ní rọ́nà fẹ́ omi wọlé.

Ibi tí òrùlé bá ti kan ògiri, kí wọ́n gé ògiri wọnú ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí wọ́n ki etí flashing (páànù pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ibẹ̀) bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi simẹ́ńtì dí i. Sílíkóònù tí wọ́n kàn fà sí ojú rẹ̀ kì í pẹ́ kí oòrùn Àbújá tó là á.

Parapet

Ẹwà ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni jíjò ti pọ̀ jù. Òjò mílímítà 50 lórí òrùlé skúẹ́ mítà 200 jẹ́ lítà 10,000, inú gọ́tà tó wà láàárín páànù àti parapet ni gbogbo rẹ̀ sì ń wọ̀. Kí gọ́tà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ gbá a. Kó máa dàgẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó má ní ojú omi tó dín ní méjì, páìpù íńṣì mẹ́rin. Ẹ dá ihò mìíràn sí ara parapet, kó rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ, kí omi lè bá ibẹ̀ jáde síta bí ìsàlẹ̀ bá dí. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe ihò yìí, wọ́n ní ó ń ba ojú ilé jẹ́. POP tó wó sí pálọ̀ ló ń ba ojú ilé jẹ́.

Fẹ́ẹ̀tì (ìbòlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò) tí wọ́n yọ́ sínú gọ́tà gbọ́dọ̀ gun ògiri, kó sì wọ abẹ́ páànù tó sẹ̀ǹtímítà 15. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé POP, ẹ dí ojú omi, ẹ pọn omi kún gọ́tà dé ibi tí fẹ́ẹ̀tì mọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ní oṣù kẹta ọdọọdún, ẹ kó eruku ọyẹ́ àti ewé dóńgóyárò kúrò níbẹ̀.

Ooru, òrùlé àtijọ́ àti owó iṣẹ́

Àwọ̀ dúdú ń fa ooru. Ní Kano, Sokoto àti Maiduguri, tí ooru ń kọjá 40°C ní oṣù kẹrin, àwọ̀ fífúnfun ló bójú mu. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà wọ abẹ́ etí òrùlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àwọ̀n bò ó nítorí àdán.

Bí òrùlé àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, kí wọ́n má ṣe fọ́ ọ, kí wọ́n má sì fi ayùn gé e, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wọ́n rin ín, kí wọ́n tú u ní odindi pẹ̀lú ìbòmú gidi nímú, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ lọ di òrùlé ibi ìdáná ẹlòmíì.

Ẹ pín owó iṣẹ́: díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí igi bá parí, ìyókù lẹ́yìn páànù, kí ẹ sì di ìdá kan nínú mẹ́wàá mú di ìgbà tí òjò ńlá kan bá rọ̀. Ìsanwó kejì ló ṣe kókó jù: ẹ má san án títí ẹ ó fi gun òkè, tí ẹ ó ka ìdè irin lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí páànù bá ti bò ó, ó tán. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti ya fọ́tò gbogbo truss pẹ̀lú téèpù tó na láti etí ògiri, kí ẹni tó bá wá gbé sólà lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tí igi wà, kó má baà máa lu páànù káàkiri wá a.