Bí A Ṣe Ń Fi Igi Dáná Láìfi Igi Ṣòfò

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń fi igi dáná nílé ní Òṣogbo gbọ́dọ̀ mójú tó ni gbígbẹ igi, nítorí pé omi inú igi tútù lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, omi yìí ni iná yóò sì kọ́kọ́ jó gbẹ kí ooru tó kan ìkòkò. Igi tútù tó pọ́kú, ọ̀wọ́n ni lójú tèmi. Ẹ la igi náà, ẹ tò ó sórí òkúta kí ó má bàa fara kan ilẹ̀, kí ẹ fi páànù bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọyẹ́ láti fẹ́ sí. Bí ó bá gbẹ, ojú ibi tí a ti gé e á sán, bí a bá sì gbá méjì pọ̀, á dún gooro.

Ààrò amọ̀ tó yí ìkòkò ká sàn ju òkúta mẹ́ta lọ, nítorí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé ooru lọ. Ẹ fi igi wẹ́wẹ́ ràn án, kí ẹ tó ki méjì tàbí mẹ́ta tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ sí i, ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ wọn. Èéfín dúdú jẹ́ àmì pé igi kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán: ẹ fa ọ̀kan sẹ́yìn, ẹ kó eérú kúrò, ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀yinná wọ yàrá tí a tì pa, nítorí gáàsì rẹ̀ tí kò lóòórùn lè pa èèyàn lójú oorun.